Ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ Ìndíà: mọ ẹni tó láṣẹ kí o tó mú ìdáhùn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo ń kàwé gboyè kejì lórí ètò ìjọba ní Pune, ní Ìndíà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń fún wa ní ìbéèrè 25 lórí ohun tó ń lọ nínú ìjọba, ọrọ̀ ajé àti àyíká Ìndíà, irú èyí tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba níbí. Wákàtí méjì ni mo fi ń ka ìwé ìròyìn lójúmọ́. Mo ti kọ ìwé mẹ́ta kún. Síbẹ̀, mi ò gba ju 11 lọ rí nínú 25, máàkì tí wọ́n ń yọ fún èyí tí mo ṣì sì tún ń jẹ mí. Àwọn ọmọ Ìndíà tí a jọ wà ní kíláàsì kò ka ìwé ìròyìn tó mi. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà ilẹ̀ àjèjì. Ìwé tí ò ń kà ti tó. Bí o bá tún fi wákàtí kan kún un, iye tí ò ń gbà kò ní yí padà, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ kì í ṣe inú ìwé ìròyìn.

Nígbà tí o bá ń ka ìròyìn ilé, o ti mọ̀ láti kékeré pé gómìnà kọ́ ló ni ọlọ́pàá, pé Abùjá ló ń pín owó epo. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ìgbà tí àwọn àgbà bá ń ṣàríyànjiyàn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ó wọ̀ ọ́ létí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní irú ìmọ̀ yẹn nípa Ìndíà, ìwọ ò ní in. Fún wọn, ìròyìn òní rí ibi jókòó sí. Tìrẹ ń fò kiri nínú ìwé mẹ́ta. Ohun tó tún burú ni pé ọgbọ́n ilé lè ṣì ọ́ lọ́nà: ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, ní Ìndíà, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìbéèrè pé mínísítà ní Delhi ló ń darí ọlọ́pàá Maharashtra, ìpínlẹ̀ tí Pune rẹ wà, ọkàn rẹ á gbà á láìjanpata.

Ẹni tó ń kọ irú ìbéèrè yìí kì í sábà bi ọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló máa ń mú, á wá bi ọ́ ní ohun tó ti wà nílẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Wo àpẹẹrẹ yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Reserve Bank of India, báńkì àgbà wọn, gé èlé tó fi ń yá àwọn báńkì lówó, èyí tí wọ́n ń pè ní repo rate, láti 6 sí 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dá mi lójú pé o kọ 5.5 yẹn sílẹ̀, o sì fàlà sí i nídìí. Ìbéèrè tó jáde látinú rẹ̀ á rí báyìí. Gbólóhùn kìíní: Reserve Bank ló ń dá pinnu ìwọ̀n tí ọ̀wọ́n gógó ọjà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èkejì: òṣìṣẹ́ báńkì náà ni gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà tó ń pinnu èlé. Ẹ̀kẹta: bí ìbò wọn bá dọ́gba, gómìnà báńkì á tún dìbò kan lé e. Mélòó ló tọ̀nà?

Ọ̀kan péré, ẹ̀kẹta. O ò rí 5.5 níbì kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin báńkì náà ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ló ń kéde ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó lẹ́yìn tó bá ti fikùn lukùn pẹ̀lú báńkì, ọdún márùn-ún márùn-ún: 4 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má lọ sókè ju 6, kó má sì wálẹ̀ ju 2. Mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ náà wá láti inú báńkì, ìjọba ló yan mẹ́ta tó kù. Bí ọ̀wọ́n gógó bá jáde kúrò nínú ààlà yẹn fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, ìyẹn ìdá mẹ́rin ọdún lọ́nà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, báńkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba láti ṣàlàyé ìdí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2022. Bí o bá mọ èyí, gbogbo ìròyìn èlé tí o bá kà fún ọdún márùn-ún sí i á mọ ibi tó máa jókòó.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o máa bi ìròyìn kọ̀ọ̀kan ni: ta ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibo ló sì ti rí àṣẹ ọ̀hún? Ìwé Òfin Ìndíà ní àfikún kan, Seventh Schedule, tó pín iṣẹ́ sí ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti èyí tí wọ́n jọ ni. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ọlọ́pàá, ìlera ará ìlú àti omi wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Igbó àti ẹranko ìgbẹ́ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe kejìlélógójì ti ọdún 1976 ló gbé wọn sí àárín àwọn tí wọ́n jọ ni, òun náà ló sì gbé ètò ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Àwọn àjọ náà kò rí bákan náà: Finance Commission tó ń dábàá bí wọ́n ṣe máa pín owó orí fún ìpínlẹ̀ ní ẹsẹ̀ nínú Ìwé Òfin fúnra rẹ̀, abala 280; National Green Tribunal tó ń gbọ́ ẹjọ́ àyíká, òfin ilé aṣòfin ti ọdún 2010 ló bí i; NITI Aayog, àjọ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ètò ìdàgbàsókè, tó rọ́pò Planning Commission ní ọjọ́ kìíní ọdún 2015, ìpinnu ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lásán ló dá a sílẹ̀. Bí o bá ti mọ ìdílé tí àjọ kan ti wá, o ti gba ìdajì ìbéèrè tí wọ́n lè bi ọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ìwé NCERT, ìwé ẹ̀kọ́ ilé ìwé ti ìjọba Ìndíà, ti kíláàsì 9 sí 12 lórí ìjọba, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fún ọ ní ìpìlẹ̀ yìí láàárín oṣù kan. Fi wákàtí kan nínú méjì tí o fi ń ka ìwé ìròyìn kà wọ́n.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìrẹsì, torí ibẹ̀ ni ètò ìjọba, ọrọ̀ ajé àti àyíká ti so kọ́ra jù lọ, àwọn tó ń kọ ìbéèrè sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní ìpínlẹ̀ Punjab, àlìkámà ni oúnjẹ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ìrẹsì kún oko wọn. Ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1965 síwájú, nígbà tí ebi ń halẹ̀ mọ́ Ìndíà, tí ìjọba wá gbé irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ àti owó jáde fún àwọn àgbẹ̀ àríwá. Ìjọba ṣèlérí iye tí òun á fi ra irè oko bí ọjà tiẹ̀ já. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní MSP. Irè oko 22 ni ìjọba ń kéde rẹ̀ fún, àmọ́ ìrẹsì àti àlìkámà ni ìjọba ń rà jù, kó lè rí oúnjẹ pín fún àwọn tálákà. Ṣé àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí yóò ra ìrẹsì òun dájúdájú á wá lọ gbin ọkà bàbà? Ìjọba ìpínlẹ̀ tún fún wọn ní iná mànàmáná ọ̀fẹ́ láti fi fa omi kànga. Ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn wo bí omi ṣe ń lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Ní 2009, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí ọmọ ìrẹsì lọ sí oko kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, kí òjò lè bá kànga gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Haryana, ìpínlẹ̀ tó múlé tì í, ṣe irú rẹ̀. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó pẹ́ wọlẹ̀, á pẹ́ kúrò nílẹ̀. Ìkórè wá bọ́ sí òpin oṣù Kẹwàá, àlìkámà sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló wà láàárín. Ẹ̀rọ ìkórè gé orí ìrẹsì lọ, ó fi pòròpórò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìnàró. Owó tí àgbẹ̀ máa fi kó o kúrò pọ̀, ìṣáná kò wọ́n. Báyìí ni òfin tó fẹ́ gba omi là ṣe ti èéfín bọ́ sínú oṣù tí otútù ń mú, tí atẹ́gùn kì í fẹ́, tí èéfín náà sì ń lọ jókòó lé Delhi lórí.

Wàyí o, wo bí ìbéèrè ṣe lè jáde nínú ìtàn kan ṣoṣo yìí. "CACP ló ń fi òntẹ̀ lu MSP." Kò rí bẹ́ẹ̀: CACP, àjọ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí iye irè oko, ń dábàá ni, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lórí ọrọ̀ ajé ló ń fọwọ́ sí i. "Òfin ilé aṣòfin ló de ìjọba mọ́ MSP." Irọ́ ni. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè gan-an nìyẹn, pẹ̀lú pé kí wọ́n fagi lé òfin mẹ́ta ti ọdún 2020 lórí títa irè oko, nígbà tí wọ́n pàgọ́ sí ẹnu ibodè Delhi fún ọdún kan gbáko. Wọ́n fagi lé òfin mẹ́ta náà ní oṣù Kọkànlá 2021, òfin MSP kò tíì wá. "Ìrèké wà lára àwọn 22 náà." Kò sí níbẹ̀, ìrèké ní iye tirẹ̀, FRP, tí àṣẹ kan ti ọdún 1966 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. "Pòròpórò tí wọ́n ń jó ló fa gbogbo ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ Delhi." Ọkọ̀, eruku ìkọ́lé àti ilé iṣẹ́ ń ba afẹ́fẹ́ náà jẹ́ yípo ọdún. Ta ló wá láṣẹ lórí èéfín tó ń gba ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn? Àjọ kan tí òfin ọdún 2021 dá sílẹ̀, Commission for Air Quality Management, tí àṣẹ rẹ̀ dé Delhi, Punjab, Haryana, Rajasthan àti Uttar Pradesh.

Ìrẹsì yìí kan náà ló dé orí àwo wa nílé. Ní oṣù Keje 2023, Ìndíà ní kí wọ́n má ta ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati sí òkè òkun mọ́, ó sì fi owó orí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o ní oṣù tó tẹ̀ lé e, irú èyí tí ó ń gba Kútọnu wọlé. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún ti funfun náà. Ẹni tó bá ra ìrẹsì nílé nígbà yẹn ti mọ ètò ìjọba Ìndíà, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o máa bi ìròyìn ni: kí ni iye yìí ń kà? Ní oṣù Keje 2025, ìjọba Ìndíà kéde pé ó ti lé ní ìdajì agbára ẹ̀rọ iná mànàmáná wọn tí kì í lo èédú, gáàsì tàbí epo, ọdún márùn-ún ṣáájú 2030 tí wọ́n dá. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àmọ́ bí gbólóhùn kan nínú ìbéèrè bá ní ìdajì iná tí àwọn ará Ìndíà ń lò kò ti ara èédú wá, má gbà á. Fojú inú wo ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ní jẹnẹrétọ̀ àti panel oòrùn, tí agbára méjèèjì dọ́gba. Oòrùn á wọ̀, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, jẹnẹrétọ̀ á sì máa ké lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ta ló pèsè iná jù nínú oṣù? Èédú ṣì ń pèsè ju ìdá méjì nínú mẹ́ta iná Ìndíà lọ. Tún kíyè sí èyí: ní Glasgow, ní oṣù Kọkànlá 2021, olórí ìjọba wọn, Narendra Modi, dárúkọ gígáwáàtì 500 tí kò ní ti ara irú epo bẹ́ẹ̀ wá ní 2030, ó sì dárúkọ 2070 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí Ìndíà kò ní máa fi èéfín kún ti ayé mọ́. Nígbà tí wọ́n wá kọ ìlérí náà ránṣẹ́ sí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní 2022, ìdajì agbára ẹ̀rọ ni wọ́n kọ. 500 kò sí nínú àwọn àfojúsùn tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórí àti ohun tí wọ́n fọwọ́ sí kì í ṣe ọ̀kan náà, àlàfo àárín méjèèjì sì ni ìbéèrè ń fara pamọ́ sí.

Lórí iye náà, má jẹ́ kí lakh àti crore dẹ́rù bà ọ́, àwọn baba wa ti kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000; lakh kan, 100,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún. Crore kan, 10,000,000, jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́. Lakh crore kan jẹ́ tírílíọ̀nù kan. Owó ẹyọ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀kẹ́ nígbà náà, inú Òkun Ìndíà, ní erékùṣù Maldives, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé ìṣirò méjèèjì ti pàdé rí. Rántí pẹ̀lú pé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni ọdún ìnáwó wọn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 2024-25 kì í ṣe ọdún méjì.

Ní ti ẹranko àti irà, má há iye sórí. Iye irà Ìndíà tó wà lórí àkọsílẹ̀ Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò irà, ń yí padà: 85 ni ní oṣù Kẹjọ 2024, ó sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ohun tí kì í yí ni kí o mú: Chilika ní Odisha àti Keoladeo ní Rajasthan ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní 1981, Keoladeo àti Loktak ní Manipur wà lára àwọn tí ewu ń wu, wọ́n yọ Chilika kúrò nínú ewu yẹn ní 2002. Mọ ìtàn Kuno ní Madhya Pradesh pẹ̀lú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n kó díẹ̀ lára àwọn kìnnìún Gir lọ síbẹ̀, kí àrùn kan má baà pa gbogbo wọn tán lójú kan. Gujarat ló ni Gir. Kìnnìún kò lọ. Ní 2022, cheetah mẹ́jọ láti Nàmíbíà ló bọ́ sílẹ̀ ní Kuno, 12 mìíràn sì dé láti Gúúsù Áfíríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí o bá mọ ìtàn yìí, o ò ní fi kìnnìún sí Kuno láé.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Mo rò pé ìlànà Union Public Service Commission, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ni kíláàsì rẹ ń lò: máàkì 2 fún èyí tó tọ̀nà, kí wọ́n sì yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fún èyí tí o ṣì. 11 rẹ fún ọ ní 22. Bí o bá dáhùn 14 tó kù, wọ́n gba ohun tó lé ní 9 lọ́wọ́ rẹ, o kò ní 13 nínú 50. Ká ní o fi 8 sílẹ̀ nínú wọn, 18 ni ìbá jẹ́. Bí o bá ń mú ìdáhùn láìmọ̀kan rárá, mẹ́ta tí o ṣì á gba 2 tí ọ̀kan mú wá, òfo ni. Àìgbọ́fá là ń wòkè, ifá kan ò sí ní párá. Àmọ́ bí o bá ti lè lé ìdáhùn méjì dànù nínú mẹ́rin, mú ọ̀kan, èrè wà níbẹ̀. Láti 2023, ìbéèrè tó ní "mélòó ló tọ̀nà" ti pọ̀ gan-an nínú ìdánwò náà, irú èyí sì ń fẹ́ kí o mọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dájú. Bí ọ̀kan péré bá ṣókùnkùn sí ọ, ìdáhùn méjì ló kù tí o lè mú. Bí méjì bá ṣókùnkùn, fi sílẹ̀.

Ṣọ́ra fún ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó bá ṣì ń sọ nípa Indian Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ti 1860, bí òfin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti kú láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024. Èyí tó bá ń kọ́ ọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń gba owó nípasẹ̀ electoral bond, ìwé tí èèyàn ń rà ní báńkì láti fi ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ, kò mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ti fagi lé e ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2024. Èyí tó bá sì ka GST, owó orí lórí ọjà àti iṣẹ́, sí 5, 12, 18 àti 28, wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́: láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2025, 5 àti 18 ló kù fún ọ̀pọ̀ ọjà, pẹ̀lú 40 fún ọkọ̀ ńlá àti irú rẹ̀.

Mú ìwé Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí o ṣì, kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: mi ò mọ ẹni tó láṣẹ, mi ò mọ ohun tí iye náà ń kà, ìròyìn náà gan-an ni mi ò rí. Ó dá mi lójú pé ẹ̀kẹta ló máa kéré jù. Lẹ́yìn náà, gbìyànjú èyí wò. Gbólóhùn kìíní: Ìwé Òfin ló fún ìgbìmọ̀ GST ní ìdúró. Èkejì: ìjọba àpapọ̀ nìkan lè mú ìpinnu wọlé níbẹ̀ láìsí ìbò ìpínlẹ̀ kankan. Ẹ̀kẹta: epo bẹntiróò ti wà lábẹ́ GST láti ọdún 2017. Kọ ẹni tó láṣẹ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó mú ìdáhùn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Jímọ̀.